Ẹ́ńjìnnì Méjì àti Etí Ọlọ́wọ́-Òwú

Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ nísinsìnyí tí ọkàn mi ṣì le, nítorí mo mọ ara mi: bí mo bá jẹ́ kí ilẹ̀ ọ̀la mọ́ bá a, màá tún ti rí àwáwí tuntun. Èmi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Súpánà ní èbúté, èmi tí mo fìgbà kan ń tọ́jú ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ńlá tó ń kó èrò sọdá omi. Gbogbo ẹ̀yin tí ẹ ti wọ ọkọ̀ yẹn rí ni ẹ mọ Ọlọ́wọ́-Òwú, ọ̀gá awakọ̀ tó fi iṣẹ́ sílẹ̀ nítorí pé gbogbo ayé gbà pé ogbó ti mú un létí, ó sì ti mú un lọ́wọ́. Ogbó kọ́. Èmi ni. Etí rẹ̀ kò ṣe nǹkan kan, ọwọ́ rẹ̀ kò sì gbọ̀n. Èmi tí ó tọ́ dàgbà ni mo fi súpánà gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo gba ilé lọ́wọ́ rẹ̀, tí mo sì gba ohun tó ju méjèèjì lọ. Mi ò sọ ọ́ kí ẹ lè káàánú mi. Mò ń sọ ọ́ kí ó lè wà nílẹ̀ lójú gbogbo ayé, kí ẹnikẹ́ni má lè kó o wọ abẹ́ aṣọ mọ́, títí kan èmi fúnra mi.

Àbúrò bàbá mi ni Ọlọ́wọ́-Òwú. Òun àti ìyàwó rẹ̀ kò bímọ, nítorí náà nígbà tí àwọn òbí mi kú, wọn kò gbà mí bí ẹni gba ẹrù; wọ́n gbà mí bí àlejò tí wọ́n ti ń retí tipẹ́. Bàbá ni mo ń pè é, Ìyá ni mo ń pe ìyàwó rẹ̀, mi ò sì ní ẹlòmíràn tí mo lè pè bẹ́ẹ̀. Àwọn èrò ọkọ̀ ló sọ ọ́ ní Ọlọ́wọ́-Òwú, nítorí pé bó bá ń mú ọkọ̀ gúnlẹ̀, ọmọ tó ń sùn lẹ́yìn ìyá rẹ̀ kì í yí orí padà. Òun náà ló kọ́ mi ní ẹ́ńjìnnì. Àwọn ọkùnrin ibi iṣẹ́ fi mí rẹ́rìn-ín nígbà tó kọ́kọ́ mú mi wọlé, wọ́n ní ṣé ọmọbìnrin yìí fẹ́ wá gbálẹ̀ ni. Bàbá ní, "Rárá o, iṣẹ́ yín ló fẹ́ wá gbà." Ó kọ́ mi bí a ṣe ń fi etí ṣiṣẹ́ kí a tó fi ọwọ́ ṣe é. Bí mo bá ṣe àṣìṣe, kò ní pariwo, á kàn jókòó tì mí, á ní, "Tún un gbọ́." Ẹni a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Èmi ni ẹni náà.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀ fún ẹ̀yin tí ẹ kì í ṣe oníṣẹ́ irin, kí ẹ lè mọ bí ìwà mi ṣe jinlẹ̀ tó. Ẹ́ńjìnnì dísẹ́ẹ̀lì méjì ló wà nínú ọkọ̀ wa, ọ̀kan lápá ọ̀tún, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní abẹ̀bẹ̀ irin tirẹ̀ tó fi ń ti omi. Nígbà tí ọkọ̀ bá ń sáré láàárín omi, ìyàtọ̀ díẹ̀ láàárín wọn kì í ṣe bàbàrà. Ṣùgbọ́n bó bá ku díẹ̀ kó gúnlẹ̀, awakọ̀ á yọwọ́ pátápátá nínú tọ́tù tó ń fún wọn lépo, á jẹ́ kí méjèèjì máa mí ní mímí wọn tó kéré jù. Sìló ni àwa oníṣẹ́ ń pè é. Jíà nìkan ló kù tí yóò máa fi tọ́ ọ, síwájú díẹ̀, sẹ́yìn díẹ̀, títí ọkọ̀ á fi kan èbúté. Bí sìló méjèèjì bá dọ́gba, ọkọ̀ á máa lọ tààrà. Bí ọ̀kan bá ga ju èkejì lọ, orí ọkọ̀ á yà sápá kan láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni yí sítíárì. Síkúrù kékeré kan ló ń pinnu rẹ̀ lára ẹ́ńjìnnì kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú nọ́ọ̀tì tó dì í mú. Tú nọ́ọ̀tì, yí síkúrù díẹ̀, di nọ́ọ̀tì padà, ó parí. Bí wọn kò bá sì dọ́gba, etí tó mọ̀ ọ́n gbọ́ á gbọ́ ohùn kan láàárín ìró méjèèjì tó ń wú tó ń rọ̀, wúù, wúù, bí ẹni méjì tó ń kọ orin kan náà tí ọ̀kan ń yá ju èkejì lọ. Bí wọ́n bá ṣe ń súnmọ́ ara wọn ni ohùn náà á máa falẹ̀, títí á fi pòórá. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ni kò lè gbọ́ ọ. Bàbá ń gbọ́ ọ láti orí àga awakọ̀, pẹ̀lú gbogbo ariwo èrò. Iṣẹ́ tèmi ni láti rí i pé ohùn náà kò sí.

Kí ló dé tí mo ṣe é? Ilé ni. Mi ò ní sọ pé ìfẹ́ ọkọ ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹ́ ọkọ ni mo fi bò ó mọ́lẹ̀ fúngbà pípẹ́. Ilé kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ èbúté tí iléeṣẹ́ máa ń fún ẹni tó bá jẹ́ ọ̀gá awakọ̀. Ilé tó ní yàrá tó pọ̀ tó, tí fèrèsé ilé ìdáná rẹ̀ kọjú sí omi. Ibẹ̀ ni Bàbá àti Ìyá ti tọ́ mi. Nígbà tí mo lọ́kọ, mo kó lọ sí yàrá kan ṣoṣo lẹ́yìn ilé àwọn oníṣòwò pákó, níbi tí èmi, ọkọ mi àti àwọn ọmọ wa ti ń sùn mọ́ra wa, tí eruku pákó sì ń bà lé búrẹ́dì wa. Igbákejì awakọ̀ ni ọkọ mi. Bàbá a máa sọ lọ́dọọdún pé òun máa tó sinmi, ọdún náà á sì tún yí po. Ọkọ mi a máa fi ṣe yẹ̀yẹ́, á ní, "Bàbá rẹ yìí ló máa sin wá. Irun mi ti ń funfun lórí àga igbákejì." Òun ń rẹ́rìn-ín, èmi kì í rẹ́rìn-ín. Nígbà tí mo bá lọ kí Ìyá, mo máa ń wo fèrèsé ilé ìdáná yẹn, mo máa ń fi ojú wọn kọ́tìnnì sí i, nígbà tí Ìyá fúnra rẹ̀ dúró níbẹ̀ tó ń po tíì fún mi. Ṣé ẹ rí irú ọmọ tí wọ́n tọ́?

Ó bẹ̀rẹ̀ bí àṣìṣe. Mò ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe láàárọ̀ ọjọ́ kan, mo ti ṣe tòsì tán, wọ́n pè mí sí nǹkan mìíràn, mo sì gbàgbé pé mi ò tíì gbé tọ̀tún sókè bá a. Bàbá gbé ọkọ̀ lọ, ó gbé e bọ̀, ọkọ̀ sì fi ẹ̀gbẹ́ gbá èbúté, gbì! Kì í ṣe ohun ńlá. Gbogbo èrò yí ojú padà wo orí àga awakọ̀. Obìnrin kan tó gbé agbọ̀n ní, "Háà, Ọlọ́wọ́-Òwú, òwú náà ti ń di pákó o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, Bàbá náà rẹ́rìn-ín. Èmi dúró nísàlẹ̀, mò ń retí kí ẹnì kan sọ pé, "Ẹ lọ wo ẹ́ńjìnnì." Ẹnikẹ́ni kò sọ bẹ́ẹ̀. Kò sí ẹni tí ọkàn rẹ̀ lọ síbẹ̀. Orí funfun ni gbogbo wọn wò. Mo tún un ṣe kíákíá kí ó tó lọ padà, ṣùgbọ́n mo ti rí ohun tí kò yẹ kí n rí: pé bí irin bá ṣẹ̀, àgbàlagbà ni wọn yóò dá lẹ́bi. Ọ̀sẹ̀ náà kò parí tí mo fi mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é.

Bí mo bá jẹ́ kí ìyàtọ̀ náà wà lójú kan, Bàbá ìbá ti mọ̀ ọ́n láàárín ìrìn àjò kan, ìbá sì ti máa fi ọwọ́ tún un ṣe, nítorí awakọ̀ gidi ni. Nítorí náà mi ò jẹ́ kó wà lójú kan. Lónìí tòsì á ga, lọ́la tọ̀tún, lọ́túnla méjèèjì á dọ́gba kí ó lè rò pé ohun tí òun kọ́ lánàá kò wúlò mọ́. Bó bá sì kan ọkọ mi láti wa ọkọ̀, mo máa ń mú wọn dọ́gba bí ojú ìwọ̀n. Ọkọ̀ kan náà ni, omi kan náà, èbúté kan náà. Ọ̀dọ́ á mú un gúnlẹ̀ jẹ́ẹ́, àgbà á gbá a mọ́ kọnkéré. Kí ni ẹ̀yin ìbá rò? Àwọn èrò bẹ̀rẹ̀ sí í dìde di irin mú bí wọ́n bá ti rí i pé Bàbá ló ń mú un gúnlẹ̀. Àwọn ìyá ń fa ọmọ wọn mọ́ra. Ó ń rí wọn nínú dígí. Ó ra awò ojú. Ó ń dé ibi iṣẹ́ ṣáájú gbogbo wa, á jókòó sórí àga, á máa ti jíà síwájú sẹ́yìn láìtan ẹ́ńjìnnì, bí ọmọ tó ń kọ́ ìṣirò. Mo máa ń rí i láti ẹnu ọ̀nà, mo sì máa ń yí ojú sí ibòmíràn.

Ọkọ mi mọ̀. Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí náà, nítorí bí mo bá yọ ọ́ kúrò, mo tún ti parọ́ nìyẹn. Ó sọ̀ kalẹ̀ wá mú agbòjò rẹ̀ lọ́jọ́ kan, ó bá mi tí ọwọ́ mi wà lórí síkúrù, bẹ́ẹ̀ ìtọ́jú ẹ́ńjìnnì ti parí lánàá. Ó wo ọwọ́ mi. Ó wo ojú mi. Ó ní, "Kí lò ń ṣe?" Mo ní, "Mò ń tún un ṣe ni." Ó ní, "Bàbá ló kàn láti wa ọkọ̀ báyìí." Mo ní, "Mo mọ̀." Ó mú agbòjò rẹ̀, nígbà tó dé orí àkàsọ̀ ó ní, "Mi ò rí nǹkan kan o." Láti ọjọ́ náà ni kò ti fi ọ̀rọ̀ irun funfun ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́. Èmi kò fi ẹ̀bi tèmi lé e lórí. Ọwọ́ tirẹ̀ kò kan síkúrù rí.

Ṣùgbọ́n ohun tó wà lẹ́yìn ẹ̀fà ju èje lọ. Ohun tó burú jù tí mo ṣe, kì í ṣe síkúrù. Bàbá fúnra rẹ̀ ló wá bá mi. Orúnkún rẹ̀ kì í jẹ́ kó sọ̀ kalẹ̀ tán mọ́ nígbà náà, nítorí náà ó dúró ní ìdajì àkàsọ̀, ó di irin mú, ẹ́ńjìnnì méjèèjì wà ní títàn. Ó ní, "Ọmọ mi, dákun, bá mi tẹ́tí. Àwọn méjèèjì yìí kò jọ ń mí. Mò ń gbọ́ wúù wúù yẹn. Tòsì ló wà nísàlẹ̀, àbí kì í ṣe tòsì?" Tòsì ni. Mo ti yí i sísàlẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó mọ̀ ọ́n bí ẹni tó wà níbẹ̀ nígbà tí mò ń ṣe é. Bí mo bá sọ pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, tòsì ni, mo máa tún un ṣe," gbogbo rẹ̀ ìbá ti parí síbẹ̀, kò sì sí ẹni tí yóò fura sí mi. Ẹ ò rí i pé ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún mi gbayawu. Mo mú ẹ̀rọ kékeré tí a fi ń ka yíyípo, èyí tí a máa ń tan iná rẹ̀ sára irin tó ń yí, tí yóò sì kọ iye ìgbà tó ń yí ní ìṣẹ́jú kan. Gbogbo ibi iṣẹ́ ló mọ̀ pé ẹ̀rọ yẹn kì í ṣègbè. Mo tàn án sí tọ̀tún, mo ka nọ́ńbà rẹ̀ sókè. Mo wá kọ ẹ̀yìn sí Bàbá, mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ láàárín méjèèjì bí ẹni tó fẹ́ ka tòsì, mo sì tún yí ọwọ́ tan iná náà sí tọ̀tún. Ọ̀kan ṣoṣo ni mo kà lẹ́ẹ̀mejì. Mo gun àkàsọ̀ lọ bá a, mo fi hàn án. "Nọ́ńbà kan náà ni, Bàbá. Ẹ wò ó." Ó wò ó pẹ́. Ó ní, "Ṣé ó dá ọ lójú?" Mo ní, "Ó dá mi lójú, Bàbá. Bóyá etí ni." Ó gbé ọwọ́ sókè, ó fọwọ́ kan etí rẹ̀, bí ẹni tó fọwọ́ kan àpò tó sì rí i pé ohun tó wà níbẹ̀ ti lọ. Lẹ́yìn náà ó fọwọ́ kan èjìká mi. Ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi, tí o kò tàn mí." Ó ń gun àkàsọ̀ padà lọ díẹ̀díẹ̀, èmi sì dúró sáàárín ẹ́ńjìnnì méjì tí kò dọ́gba, tí etí tèmi náà ń gbọ́ wúù, wúù.

Láti ọjọ́ náà ni kò ti gbẹ́kẹ̀ lé ohun tó ń gbọ́ mọ́, awakọ̀ tí kò bá sì gbẹ́kẹ̀ lé etí rẹ̀, ìbẹ̀rù ló fi ń wa ọkọ̀. Mi ò tilẹ̀ nílò síkúrù tó bẹ́ẹ̀ mọ́. Síbẹ̀ mo yí i. Ní ọ̀sán kan tí Ìyá wà nínú ọkọ̀, tó ń bọ̀ láti ibi tó ti lọ kí ọ̀rẹ́ rẹ̀, mo yí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mi ò mọ̀ pé Ìyá máa wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìyá ẹlòmíràn wà níbẹ̀, mo sì mọ ìyẹn. Orí ọkọ̀ yà, Bàbá fa jíà sẹ́yìn, ìyẹn tún wá yí ìdí rẹ̀ síta, ó sì gbá kọnkéré débi pé àwọn tó wà lórí ìdúró ṣubú léra wọn. Ọkùnrin kan tó gbé gíláàsì fèrèsé fọ́ gbogbo rẹ̀ pátá. Ẹnikẹ́ni kò kú. Ìyá fi orúnkún balẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó rìn lọ bá ọkọ rẹ̀ lójú gbogbo èrò. Ó ní, "Ó tó, olówó orí mi. Ẹ fi sílẹ̀ nígbà tí ọ̀wọ̀ ṣì kù." Bàbá pa ẹ́ńjìnnì. Ó fún mánijà iléeṣẹ́ ní kọ́kọ́rọ́, ó wá yíjú sí àwọn èrò, ó ní, "Ẹ má bínú sí mi. Mi ò mọ̀ pé ó ti burú tó báyìí." Mo wà níbẹ̀, mò ń fi àkísà nu ọwọ́. Mo sunkún. Omijé tòótọ́ ni, ìyẹn gan-an ló ń dẹ́rù bà mí títí di òní.

Báyìí ni ọkọ mi ṣe di ọ̀gá awakọ̀, tí ilé sì di tiwa. Ìyá fi ọwọ́ ara rẹ̀ fọ fèrèsé ilé ìdáná náà kí ó tó kó kọ́kọ́rọ́ fún mi, ó ní kí n máa ṣí i láàárọ̀ kí atẹ́gùn lè wọlé. Wọ́n kó lọ sí yàrá kan ní òpópónà àwọn tó ń ta pátì mọ́tò, níbi tí omi kò ti sí nítòsí. Ibẹ̀ ni Ìyá ti ṣàìsàn, ibẹ̀ ló kú sí. Kí ó tó kú, ó pè mí mọ́ra, ó ní, "Tọ́jú bàbá rẹ. Kò gbọ́ràn mọ́, kò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mọ̀." Mo ní, "Mo gbọ́, Ìyá." Ó gbé irọ́ mi lọ sí ọ̀run. Bí mo bá sunkún títí di ọ̀la, mi ò lè ránṣẹ́ bá a pé etí ọkọ rẹ̀ dá ṣáká.

Dókítà yẹ etí Bàbá wò, ó ní kò sí nǹkan tó ṣe é. Bàbá ní ọmọ dáadáa ni dókítà náà, kò fẹ́ já òun láyà. Ó fi rédíò rẹ̀ tọrẹ. Bí ẹ bá pè é, kò ní dáhùn àfi tí ẹ bá tún un pè, nítorí kò gbà pé òun gbọ́ ti àkọ́kọ́. Mò ń rí gbogbo èyí, mò ń gbé oúnjẹ lọ fún un, mò ń fọ aṣọ rẹ̀, àwọn alábàágbé rẹ̀ sì ń gbàdúrà pé kí Ọlọ́run fún àwọn náà ní irú ọmọ bí èmi. Ìgbà tí òjò kan dé ni ọ̀rọ̀ bẹ́yìn yọ. Mo wà lọ́dọ̀ rẹ̀, òjò ń rọ̀ sórí páànù débi pé mi ò gbọ́ ohùn ara mi. Bàbá jókòó sórí ibùsùn, ó tẹ orí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó wá bi mí jẹ́jẹ́, pẹ̀lú ìtìjú, "Ọmọ mi, ṣé òjò ni?" Mo gbé abọ́ ọwọ́ mi sílẹ̀. Mo mọ̀ nígbà náà pé kò sí ọjọ́ kan mọ́ tí mo lè gbé lórí irọ́ yìí.

Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un níbẹ̀, láti orí síkúrù dé orí ẹ̀rọ tí mo tàn sójú kan lẹ́ẹ̀mejì. Òjò ti dá kí n tó parí. Mo gbé orí sókè, mò ń retí ìgbájú. Bàbá ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó nu ojú mi. Ó ní, "O ṣeun. O ń káàánú mi ni. Ìyá rẹ ló kọ́ ọ ní àánú yẹn. Ṣùgbọ́n má ba orúkọ ara rẹ jẹ́ nítorí àgbàlagbà kan." Mo búra. Ó ní kí n má fi irọ́ búra. Mo ní kí ó bá mi lọ sí ọkọ̀ kí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Ó ní, "Etí wo?" Ẹ̀yin èèyàn, èmi ni mo ba etí yẹn jẹ́, kò sì sí ohun tí mo lè fi ẹnu sọ tí yóò gbà gbọ́, nítorí mo ti kọ́ ọ pé ohun tó bá gbọ́ kì í ṣe òótọ́.

Mo wá rò ó pé ẹnì kankan kì í fi àánú já ara rẹ̀ síhòòhò láàárín ọjà. Bí mo bá sọ ọ́ níwájú gbogbo ayé, tí mo fi pàdánù iṣẹ́ àti ilé, bóyá ìgbà náà ni Bàbá á gbà. Mo sọ fún ọkọ mi. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di orí mú. Ó ní, "Ìyá àwọn ọmọ, ta ni èyí máa ràn lọ́wọ́? Bàbá ti gba kádàrá. Àwọn ọmọ wa ńkọ́?" Mo ní, "Nítorí àwọn ọmọ náà ni." Ó ní, "Tèmi ńkọ́?" Mo ní, "Mo máa sọ pé o rí mi, o sì dákẹ́. Mi ò ní fi kún un, mi ò ní yọ níbẹ̀." Kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, nígbà tí gbọ̀ngàn ìdúró kún fún àwọn tó fẹ́ wọ ọkọ̀, mo gun orí bẹ́ǹṣì pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn mi. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe ń sọ ọ́ fún yín yìí. Mánijà ní kí n sọ̀ kalẹ̀. Mi ò sọ̀ kalẹ̀. Àwọn kan pòṣé, àwọn kan ń wo ọkọ mi, ẹnì kan ní orí mi ti dàrú. Obìnrin alágbọ̀n ọjọ́sí yẹn wà níbẹ̀. Ó ń sunkún, ó ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Èmi ni mo pe òwú rẹ̀ ní pákó." Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, a ti rí fùrọ̀ adìyẹ. Wọ́n gba kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹ́ńjìnnì lọ́wọ́ mi lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì ní kí ọkọ mi lọ jókòó sílé.

Oòrùn kò tíì kan àtàrí tí Bàbá fi dé. Òpópónà rẹ̀ ti kún fún àwọn tó sáré lọ sọ fún un. Ó fi ẹsẹ̀ rìn wá, ó sì ń bínú. Láti ìgbà tó ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ mi ò rí i kó bínú sí ẹnikẹ́ni; àánú wa ló máa ń ṣe é. Ní ọjọ́ yìí, ojú rẹ̀ pọ́n, kò kí mi, inú mi sì dùn bí ẹni tí wọ́n fún ní omi. Ó ní kí mánijà ṣí yàrá ẹ́ńjìnnì. Ó sọ̀ kalẹ̀ àkàsọ̀ náà tán pẹ̀lú orúnkún rẹ̀ yẹn, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni di òun mú. Ó ní, "Tan méjèèjì. Yí èyí tó bá wù ọ́. Má sọ fún mi." Ó kọ ẹ̀yìn sí mi, ó di ojú rẹ̀. Mánijà di ẹ̀rọ ìkàyípo mú, nítorí kò sí ẹni tó lè gbà kí n dì í mú mọ́. Mo yí tọ̀tún sísàlẹ̀ díẹ̀, ìwọ̀n bíńtín tí èmi gan-an fẹ́rẹ̀ẹ́ má gbọ́. Bàbá tẹ́tí. Ó tẹ́tí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí mò ń rò pé mo ti pa á tán, pé kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́ tí mo lè dá padà. Ó wá ní, "Tọ̀tún." Mánijà ka ẹ̀rọ, ó ní tọ̀tún ni. Bàbá ní, "Gbé e bọ̀. Díẹ̀díẹ̀." Mò ń yí i, wúù náà ń falẹ̀, ó ń falẹ̀. Bàbá gbé ọwọ́ sókè. "Dúró." Mánijà tan iná sí ọ̀kan, ó tan iná sí èkejì, ó sì fi ojú ẹ̀rọ náà han gbogbo àwọn tó kún orí àkàsọ̀. Kò sí ìyàtọ̀. Bàbá jókòó sórí àpótí irinṣẹ́, ó fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì bo etí rẹ̀, ó ṣí i, ó tún bò ó, ó tún ṣí i, ó sì bú sẹ́kún bí ọmọdé.

Mi ò níṣẹ́ mọ́. Yàrá ẹ̀yìn àwọn oníṣòwò pákó la padà sí, ọkọ mi sì ń bá mi sọ ohun tó bá pọn dandan nìkan. Mi ò jiyàn, mo fara mọ́ ọn. Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tí ẹ ń kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́, tí wọ́n bá fi ohun tí ẹlòmíràn kò lè yẹ̀ wò sí ìkáwọ́ yín, ẹ rántí pé ẹni tó ń bi yín léèrè ti gbé ara rẹ̀ lé yín lọ́wọ́. Ẹ lè ba irin jẹ́, ẹ ó rí òmíràn rà. Ẹ má ṣe sọ fún ẹni tó gbọ́ òótọ́ pé kò gbọ́ ọ. Ẹ ó sì bi mí pé ṣé Bàbá ti dárí jì mí. Nígbà tí ẹkún rẹ̀ rọlẹ̀ ní yàrá ẹ́ńjìnnì lọ́jọ́ náà, mo kúnlẹ̀ sínú epo, mo ní, "Bàbá, mo bẹ̀ yín." Ó na ọwọ́, kò fi kàn mí, ó kàn fi dá mi dúró. Ó ní, "Má tíì bẹ̀ mí lónìí. Inú mi dùn lónìí. Má bà á jẹ́ fún mi."